Ẹrù Kan, Orí Púpọ̀: Fífi Òṣómàáló Wọn Àwọn Tíọ́rì Àwùjọ

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn àlejò sọ ní Ilé-Ifẹ̀ nìyí. Mo ti gé ìkíni kúrò, mo sì ti tún gbólóhùn bíi mélòó kan ṣe, ṣùgbọ́n mo fi ìbéèrè tó da ètò mi rú sílẹ̀ níbi tó bọ́ sí, nítorí pé n kò tíì yanjú rẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Bí ẹ bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì fi àwọn tíọ́rì àwùjọ wé ara wọn, tábìlì ni yóò kọ́kọ́ yà. Òpó mẹ́ta ni tábìlì náà máa ń ní: ti àwọn tó gbà pé apá kọ̀ọ̀kan nínú àwùjọ ní iṣẹ́ tó ń ṣe kí odindi má baà wó, ti àwọn tó gbà pé ìjà lórí ohun ìní àti agbára ló ń darí àwùjọ, àti ti àwọn tó gbà pé láàárín ènìyàn méjì tó ń wo ojú ara wọn ni àwùjọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Yóò kọ orúkọ Parsons sábẹ́ àkọ́kọ́, ti Marx sábẹ́ ìkejì, ti Goffman sábẹ́ ìkẹta, yóò kọ àléébù sí ìsàlẹ̀ pátápátá, yóò sì gba máàkì rẹ̀ lọ. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ọdún tí mo ti ń ka irú ìwé ìdánwò bẹ́ẹ̀, n kò tíì rí ọbẹ̀ kankan lórí ààrò náà.

Ohun tí mo ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan sì ti sọ di àwàdà, ni pé a kò lè fi tíọ́rì méjì wéra nípa kíka ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbàgbọ́. Alábàárù ni wọ́n. Ẹrù kan náà ni kí a gbé lé wọn lórí, kí a wo ẹni tí ọrùn rẹ̀ yẹ̀, kí a sì wo ibi tó ti yẹ̀. Ẹrù náà kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ọ̀kan nínú wọn fúnra rẹ̀ dì. Ọ̀nà Iléṣà ni mo ti gbé èyí tí mo mú wá lónìí: òṣómàáló.

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà kò nílò àlàyé, nítorí náà n ó ṣe é ní kúkúrú fún àwọn yòókù. Ní àwọn ẹ̀wádún àkọ́kọ́ lẹ́yìn 1900, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà a máa ru aṣọ kiri ìlú àti abúlé, wọn a sì máa tà á láwìn fún àgbẹ̀ tí kò ní rówó títí kòkó yóò fi jáde. Bí ọjọ́ owó bá pé, oníṣòwò yóò padà wá, yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, yóò sì ní òṣòó lòun máa ló títí òun yóò fi gba owó òun. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá: “òṣó màá ló.” Kò lù ú, kò bú u, kò pè é lẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e lé ọmọ ẹ̀yìn Parsons lórí. Láti 1937 tí ìwé ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́ ti jáde, àti pàápàá láti 1951, ìbéèrè kan ni Parsons ń bi ohun gbogbo: kí ni èyí ń ṣe fún odindi? Ìdáhùn wà. Àsìkò àsìkò ni owó kòkó ń wọlé, ìhòòhò kì í sì í dúró de àsìkò. Àwìn ló so méjèèjì pọ̀, òṣòó sì ni ó dúró bí òfin níbi tí kóòtù jìnnà sí. Merton, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tí ó sì mọ ọ̀rọ̀ í sọ jù ú lọ, yóò fi kún un, bí ó ti kọ ọ́ ní 1949, pé ohun tí àṣà kan wà fún lójú gbogbo ènìyàn lè yàtọ̀ sí ohun tí ó ń ṣe lábẹ́nú: owó gbígbà ni ti ojú gbangba, ṣùgbọ́n lábẹ́nú, ìròyìn àti orúkọ Iléṣà ń dé ibi tí ẹsẹ̀ ọba rẹ̀ kò dé. Ẹrù náà dúró lórí wọn dáadáa. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sí ẹrù tí kì í dúró lórí wọn; bí onígbèsè bá sá lóru, wọn yóò wá iṣẹ́ tí sísá náà ń ṣe fún àwùjọ.

Ọmọ ẹ̀yìn Marx kò tilẹ̀ ní jẹ́ kí a dúró ní ẹnu ọ̀nà. Yóò ní kí a tọ ipasẹ̀ aṣọ padà sí ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó kó o wọ Èkó, kí a sì tọ ipasẹ̀ kòkó lọ sí èbúté kan náà, kí a lè rí i pé ẹni tó lóṣòó àti ẹni tí wọ́n lóṣòó dè jọ ń sin ẹnì kẹta tí kò yọjú sí àgbàlá náà rí. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ òṣòó? Kí ló dé tí kò jẹ́ kùmọ̀?

Orí ìbéèrè yìí ni mo ti lo àkókò ju bó ti yẹ lọ, tí alága sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago. Goffman, tí ó gbé ní erékùṣù Shetland láti wo bí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ṣe ń bá ara wọn lò, tí ìwé rẹ̀ tó lókìkí sì kọ́kọ́ jáde ní 1956, yóò wo àgbàlá náà bí ojú agbo. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣòro fún Yorùbá, nítorí ojú ló ń tini, ẹni tí ojú kì í sì í tì, ọ̀dájú là ń pè é. Onígbèsè jí, ó ṣílẹ̀kùn, ó bá àlejò níbẹ̀. Àlejò ní ẹ káàárọ̀. Kò lè ṣe kó má dáhùn. Aládùúgbò kọjá, ó kí àwọn méjèèjì, ó sì ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó dárúkọ owó. Ìwọ̀sí wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n a kò rí ẹni tó fi kan ẹnikẹ́ni.

Garfinkel, onímọ̀ àwùjọ ará Amẹ́ríkà tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1967, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa hùwà bí ayálégbé nínú ilé òbí wọn fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n máa tọrọ àyè, kí wọ́n sì máa fọhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí àlejò. Ó ya àwọn ará ilé lẹ́nu, inú sì bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. (Nílé tiwa, bí ọmọ bá bọ̀wọ̀ tó bẹ́ẹ̀, owó ni wọ́n máa rò pé ó fẹ́ tọrọ.) Nípa dída àṣà rú ni ó fi hàn pé àṣà kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í sọ jáde. Òṣómàáló ti mọ èyí láìka ìwé. Àṣà tí a kì í sọ jáde ni pé àlejò a dé, a kíni, a sì lọ. Òun dé, ó kíni, kò lọ.

James Coleman, onímọ̀ àwùjọ ará Amẹ́ríkà mìíràn, ní 1990, ka ìfọkàntán sí tẹ́tẹ́ tí a fi ọgbọ́n ta: oníṣòwò a wo èrè, a wo àdánù, a wo bí ó ti ṣeé ṣe tó kí ẹni yìí san owó, kí ó tó gbé aṣọ sílẹ̀. Ó dára. Ẹ wá wo ibi tí àwọn alábàárù yìí ti pàdé ní tòótọ́. Ẹ gbà pé abà kan ṣoṣo láàárín oko ni onígbèsè ń gbé, tí kò ní aládùúgbò. Goffman yóò ní òṣòó kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nítorí kò sí òǹwòran. Garfinkel yóò ní yóò ṣiṣẹ́, nítorí ẹnu ọ̀nà tí a dí ti tó láti da ọjọ́ onílé rú. Coleman yóò ní oníṣòwò kò ní tà láwìn níbẹ̀ rárá. Ọmọ ẹ̀yìn Marx yóò ní kòkó inú oko ni yóò fi gba owó rẹ̀. Gbogbo wọn kò lè jọ tọ̀nà lórí abà kan. Èyí ni mo ń pè ní ìfiwéra. Ti inú tábìlì, orúkọ kíkọ ni. Ẹ sì wo àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù lónìí, tí wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ àti ẹbí onígbèsè: wọ́n mú òǹwòran Goffman, wọ́n ju òṣòó Garfinkel nù. Ẹ̀rín tí ẹ rín fi hàn pé ẹ mọ ohun tó yọrí sí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń dúró de Akìwọwọ. Ní 1980, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ yìí ṣì ń jẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínṣọlá Akìwọwọ gbé àjọbí àti àjọgbé kalẹ̀, ìyẹn ìdè ẹ̀jẹ̀ àti ìdè jíjọ gbé. Ní 1986 ó fi asùwàdà, ìyẹn èrò láti inú Ifá pé ṣíṣùpọ̀ ni ẹ̀dá fi ń wà, kún un. Àríyànjiyàn tí àwọn ọ̀mọ̀wé Makinde, Lawuyi àti Taiwo dá sí lẹ́yìn náà lórí èrò yìí, ẹ ti kà á. Ẹgbẹ́ méjì ló ń bí mi nínú. Ẹgbẹ́ kan fi í sí ojú ewé tó kẹ́yìn bí ẹni fi ẹran kan ṣoṣo lé ẹ̀bà lórí fún àlejò rí. Ẹgbẹ́ kejì gbé e sí ojúbọ, wọ́n ní tiwa-n-tiwa ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Alábàárù tí a kò jẹ́ kó ru ẹrù, a kò bu ọlá fún un.

Ẹ gbé èsúsú lé e lórí, irú èyí tí Bascom, onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn ará Amẹ́ríkà, rí ní Ifẹ̀ yìí ní 1937 sí 1938, tí ó sì kọ nípa rẹ̀ ní 1952: iye kan náà ni olúkúlùkù ń dá ní àsìkò kan náà, wọ́n sì ń kó o ní ìtẹ̀léra. Àjọgbé ru èyí láìmikàn. Òṣómàáló kò bá onígbèsè jọ bí, kò sì bá a jọ gbé, ọrùn Akìwọwọ sì yẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò. Àwọn tó ń kọjá ní àgbàlá kì í ṣe òǹwòran lásán. Àwọn tí onígbèsè yóò bá gbé lọ́la ni wọ́n. Àjọgbé ẹlòmíràn ni òṣómàáló mú ṣe ohun ìdógò. Goffman kò rí èyí.

Bourdieu, onímọ̀ àwùjọ ará Faransé, ló kàn nígbà tí bàbá kan na ọwọ́ sókè ní ìjókòó ẹ̀yìn. Wọ́n ní: “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá tó bí mi ta aṣọ, ìyá tó bí mi sì jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ tó jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe fẹ́ra. Láti ìgbà tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn ẹni tó lóṣòó lẹ dúró sí, ẹ̀yin àti àwọn òyìnbó yín. Ẹnu ìyá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà, wọn a sì máa rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń pè é. Ta ló sọ fún yín pé oníṣòwò ló sọ ara rẹ̀ ní òṣómàáló?”

Bàbá, ẹ ṣeun. Mo ní ẹrù kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ọ̀kan nínú àwọn alábàárù dì, n kò sì wo ọwọ́ tó di tèmi. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gba owó ni lóòótọ́, “màá” wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ló sábà máa ń sín in jẹ títí yóò fi di orúkọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, onígbèsè náà ní ohun ìjà, eléré méjì ló sì wà lójú agbo. Ọ̀rọ̀ ojú ẹni tí a fi ń wo nǹkan ni Patricia Hill Collins, onímọ̀ àwùjọ aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, mú wá ní 1990. Ní 1997 Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí ní láàárín Yorùbá Ọ̀yọ́ àtijọ́, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló ń pinnu ipò ẹni, kì í ṣe akọ tàbí abo. N kò tíì béèrè rí bóyá àgbà ló ń lóṣòó de ọmọdé. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọdé náà ní láti dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó ti wà nílẹ̀ kó tó jáde.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù nígbà yìí. Mo sọ fún wọn pé Bourdieu yóò wo ara tí wọ́n ti kọ́ ní òṣòó láti kékeré, pé Latour yóò ní kí a má gbàgbé ìwé gbèsè àti aṣọ fúnra rẹ̀, àti pé Peter Ekeh, ọ̀mọ̀wé ọmọ Nàìjíríà, láti 1975, ti jẹ́ kó yé wa bí ojú ṣe lè ti ènìyàn níwájú ará ilé kí ó má sì tì í rárá bí ó bá jẹ owó ìjọba. N kò ṣàlàyé ìkankan nínú wọn bó ti yẹ.

Mo wá bi bàbá náà bóyá bàbá ìyá wọn san owó yẹn nígbẹ̀yìn. Wọ́n ní wọ́n san án, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí oníṣòwò ti jẹun ẹ̀ẹ̀mejì nínú ilé náà, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò lè jẹun níwájú ẹni tó lóṣòó kí ó má sọ pé ẹ wá jẹun. Alága ti dìde.