Bá A Ṣe Ń Se Spaghetti alle Vongole Bíi Ti Naples

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Spaghetti alle vongole, ìyẹn spaghetti pẹ̀lú ẹran kékeré inú ìkarahun òkun, la fẹ́ sè lónìí, bí wọ́n ṣe ń sè é ní Naples ní Ítálì níbí, èyí tí wọ́n ń pè ní in bianco, kò sí tòmáàtì kankan nínú ẹ̀. Mo sì mọ̀ pé àwọn kan ti fẹ́ bèèrè báyìí pé àlùbọ́sà ńkọ́, Magí ńkọ́? Kò sí. Kò sí kọ́rì, kò sí táìmù. Omi tó wà nínú ìkarahun yẹn gan-an lọbẹ̀ wa, gbogbo wàhálà tẹ́ ẹ máa rí mi tí mo ń ṣe, torí kí omi yẹn má bàa ṣòfò ni.

Ẹ wo orí tábìlì. Èèyàn mẹ́rin là ń sè é fún: vongole kílò 1, spaghetti gíráàmù 400, awẹ́ áàyù méjì, òróró ólífì ṣíbí ńlá 6, ata gbígbẹ ẹyọ kan, pásílì tútù ẹ̀kún ọwọ́ kan, wáìnì funfun ààbọ̀ ife kékeré. Tí ẹ kì í bá ń mu wáìnì, ẹ fi sílẹ̀, àwọn kan ní Naples níbí náà kì í fi sí i.

Vongole yìí, ẹran kékeré inú òkun ni, ìkarahun méjì tó pa dé ara wọn ló ń gbé inú ẹ̀, abẹ́ iyanrìn ló sì máa ń sápamọ́ sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, clams ni kẹ́ ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́ja. Èyí tí wọ́n ń pè ní verace ló dáa jù, àmọ́ verace ti Ítálì gangan ti wọ́n, èyí tó kún ọjà báyìí ni ti Éṣíà, ọdún 1983 ni wọ́n kó o wá sínú ọ̀sà Venice, ìgbà tó yá ló wá gbilẹ̀ dé Goro, ìlú kan nítòsí ẹnu odò Po ní àríwá Ítálì. Ẹ ṣáà wò ó nínú omi, tó bá na ẹnu ẹ̀ méjì tó fi ń fa omi síta, ti verace gidi máa ń pínyà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ti Éṣíà lẹ̀ mọ́ra nísàlẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá rí náà ni kẹ́ ẹ sè jàre, méjèèjì ló dùn. Ṣùgbọ́n tí owó ẹ̀ bá le lójú yín, akàn búlúù kan tó ti apá Amẹ́ríkà wá ló fà á, ó ya wọ etí odò Po, ó sì jẹ vongole àwọn tó ń sìn ín run, pàápàá lọ́dún 2023.

Ó yá, iyanrìn la fẹ́ kọ́kọ́ lé jáde. Omi tútù líítà 1, iyọ̀ gíráàmù 35, ẹ rò ó pọ̀ kí iyọ̀ yẹn yọ́ tán, ó gbọ́dọ̀ dà bí omi òkun torí omi lásán máa pa wọ́n. Ẹ wá wò ó, mo gbé asẹ́ sínú bóòlù kí n tó da vongole sí i, kí iyanrìn tí wọ́n bá tu jáde lè bọ́ sísàlẹ̀ kí wọ́n má bàa tún fà á mu padà. Ẹ gbé e síbi tó tutù tó ṣókùnkùn, wákàtí méjì sí mẹ́ta, ẹ pààrọ̀ omi ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín. Tó bá tó, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi kó wọn jáde o, ẹ má da bóòlù dé, àbí kí lẹ tún wá ṣe, ṣebí orí wọn náà ni iyanrìn yẹn máa dà sí.

Ẹ wá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ gbá a mọ́ pákó báyìí, kò! kò! Ó lè sú yín àmọ́ ẹ má fo ibí yìí, torí ẹyọ kan tó ti kú tí ẹrẹ̀ dúdú kún inú ẹ̀ máa ba odidi ìkòkò jẹ́. Èyí tó bá fọ́, ẹ sọ ọ́ nù. Èyí tó bá yanu sílẹ̀ tẹ́ ẹ gbá a tí kò pa dé, òun náà ti kú, ẹ sọ ọ́ nù.

Ẹ gbé omi spaghetti kaná. Iyọ̀ tẹ́ ẹ máa ń fi sí i tẹ́lẹ̀, ẹ dín in kù sí ìdajì, torí omi inú vongole ti níyọ̀ tiẹ̀, tí ẹ bá tún da iyọ̀ kún un bó ṣe ń wù yín, kò ní ṣeé jẹ.

Páànù fífẹ̀ wà lórí iná, òróró ólífì ṣíbí 4, áàyù tí mo tẹ̀ fọ́ àti ata. Iná kékeré. Tí áàyù bá pọ́n jù ó máa korò, tí òórùn ẹ̀ bá ṣáà ti jáde ó tó, ẹ yọ ọ́. Ẹ wá gbé iná sókè dáadáa, ẹ da vongole sí i ṣàà, ẹ da wáìnì lé e, ẹ dé e. Ẹ máa mi páànù. Láàárín ìṣẹ́jú 3 sí 4 wọ́n á ti máa là, èyí tó bá ti là ni kẹ́ ẹ máa yọ sínú abọ́ ní tiẹ̀, ẹ má dúró de àwọn tó kù torí tó bá pẹ́ lórí iná ó máa le bíi rọ́bà. Èyí tó bá kọ̀ tí kò là títí dópin, ẹ dà á nù. Ẹ yọ ẹran inú bí ìdajì wọn kúrò nínú ìkarahun, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹwà.

Omi tó kù nínú páànù yẹn ńkọ́? Ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ sẹ́ ẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó dà á padà.

Spaghetti tiwa, ẹ wo ara ẹ̀, kò dán, ó rí ṣákaṣàka, ti Gragnano ni, ìlú kan tí ò jìnnà sí Naples. Tẹ́ ẹ bá rí trafilata al bronzo lára páálí, ìyẹn ni pé ihò idẹ ni wọ́n tì í gbà jáde, irú ẹ̀ nìyẹn, òun ló ń fún wa ní omi tó ki. Ẹ dà á sínú omi tó ti hó yẹn. Tí páálí bá ní ìṣẹ́jú 11, ìṣẹ́jú 8 ni kẹ́ ẹ yọ ọ́, ó ṣì máa le díẹ̀, kí ẹ̀rù má bà yín, kẹ́ ẹ sì rọra bu omi ẹ̀ ife kan pamọ́. Ẹ dà á sínú omi vongole yẹn, iná gíga, kí ó parí jíjinná níbẹ̀. Ẹ máa mi páànù, ẹ máa rò ó, tó bá fẹ́ gbẹ ẹ bu omi spaghetti díẹ̀díẹ̀ sí i. Ẹ wò ó, ẹ wò ó! Omi àti òróró tó ti ń sá fún ara wọn látẹ̀ẹ̀kan ti wá di ọ̀kan, ó ki díẹ̀ bí ẹ̀kọ mímu, ó ń lẹ̀ mọ́ spaghetti. Ohun tí à ń wá nìyí, tí kò bá tíì rí báyìí ẹ má sọ̀ ọ́.

Ẹ pa iná. Vongole wọlé, pásílì tí mo gé wẹ́wẹ́ wọlé, òróró ṣíbí 2 tó kù tútù bó ṣe wà, ẹ yí i lẹ́ẹ̀mejì péré. Ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan iyọ̀. Wàràkàṣì? Ẹ jọ̀ọ́, tí ìyàwó ilé kan ní Naples bá rí yín tẹ́ ẹ ń rin wàràkàṣì sórí vongole, ìjà ni o.

Gbígbóná ni wọ́n ń jẹ ẹ́, kò ṣeé fi dọ̀la torí tẹ́ ẹ bá tún un gbé kaná ẹran ẹ̀ máa le. Ẹ fi búrẹ́dì nu ìdí páànù yẹn mọ́ o, torí ibẹ̀ gan-an ló dùn jù.