Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Pa Àwọn Ìdíje Ultimate Orílẹ̀-Èdè Kan Pọ̀ Di Ẹyọ Kan?

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀, mo kí yín. Eré ultimate ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, eré tí àwọn ọmọ ilé-ìwé Columbia High School ní ìlú Maplewood, ní New Jersey, dá sílẹ̀ lọ́dún 1968. Ènìyàn méje ló ń wà nínú pápá ní ìhà kọ̀ọ̀kan, àwo oníke pẹlẹbẹ tó wọn gíráàmù 175 ni wọ́n sì ń jù síra wọn. Ẹni tí àwo bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré, ẹgbẹ́ tí ọmọ rẹ̀ bá sì gba àwo mú ní ìpẹ̀kun pápá tí wọ́n dojú kọ ló gba àmì.

Ìsọ̀rí ọkùnrin wà, ti obìnrin wà, ti tọkùnrin-tobìnrin wà, ti àwọn àgbà náà sì wà, níbi tí ọkùnrin ti gbọ́dọ̀ tó ọmọ ọdún 33, tí obìnrin sì gbọ́dọ̀ tó 30. Títí di ọdún 2012, Sarasota ní Florida ni ìsọ̀rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń pàdé fún ìdíje àwọn kílọ́ọ̀bù ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ìdíje náà kó lọ sí Frisco ní Texas lọ́dún 2013, wọ́n yọ àwọn àgbà kúrò, wọ́n sì fún wọn ní àsìkò tiwọn. Ní Ọsirélíà ẹ̀wẹ̀, ti tọkùnrin-tobìnrin ni wọ́n yà sọ́tọ̀.

Àwọn tó fẹ́ kí a pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ máa ń sọ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Mo gbà pẹ̀lú wọn dé ibì kan. Yàtọ̀ sí pé kámẹ́rà kan náà àti àwọn oníṣègùn kan náà yóò tó gbogbo wọn lò, ohun tó jọ mí lójú jù ni pé eré yìí kò ní rẹfirí. Àwọn eléré fúnra wọn ló ń pe ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ wọ́n, tí wọ́n sì ń bá ara wọn yanjú rẹ̀. Lóòótọ́, Amẹ́ríkà máa ń fi àwọn alákìíyèsí sí ẹ̀gbẹ́ pápá ní àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ńlá, ṣùgbọ́n àwọn eléré ló kọ́kọ́ ń sọ ọ́. Lẹ́yìn eré, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò fún ẹgbẹ́ kejì ní máàkì lórí ìwà ní ọ̀nà márùn-ún, láti òdo sí 4. Irú ìwà báyìí kò ṣeé kọ́ nínú ìwé òfin. Ọmọ ogún ọdún tó bá jókòó níbi ìdíje kan náà wo ẹni ogójì ọdún tó dá àwo padà nítorí pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun ti tẹ ìlà, ó ti kọ́ ohun tí olùkọ́ kan kò lè fi ẹnu kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò pápá. Ìsọ̀rí mẹ́ta tí ẹgbẹ́ mẹ́rìndínlógún wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹgbẹ́ 48, ìyẹn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 24 lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú òfin WFDF, àjọ àgbáyé tó ń ṣàkóso eré àwo, pápá gùn ní mítà 100, ó sì fẹ̀ ní mítà 37. Pápá bọ́ọ̀lù tó fẹ̀ ní mítà 68 kò lè gba méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí pápá kò bá tó, a ó pín eré sí òwúrọ̀ àti ọ̀sán. Ẹni tó bá ti ju àwo rí mọ̀ pé afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀sán, àwo tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò sì lè bá a jà. Àwọn kan yóò ṣeré nínú ìdákẹ́rọ́rọ́, àwọn mìíràn nínú ẹ̀fúùfù, a ó sì fi èsì wọn wéra.

Síbẹ̀, ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ti pápá. Bí ìsọ̀rí méjì bá pàdé lọ́jọ́ kan náà, ẹni tó lè kópa nínú méjèèjì gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀. Ti tọkùnrin-tobìnrin ló sì sábà máa ń jìyà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni wọ́n ń ṣe ní World Games, ìdíje àgbáyé fún àwọn eré tí kò sí nínú Òlíńpíìkì, láti ìgbà tí eré yìí ti wọ ibẹ̀ ní Akita, ní Japan, lọ́dún 2001. Orílẹ̀-èdè tó bá fi ìsọ̀rí yìí du àwọn eléré rẹ̀ tó dáńgájíá jù ń ba ọ̀nà ara rẹ̀ jẹ́.

Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń díwọ̀n: ṣé ẹnì kan náà lè wà nínú ìsọ̀rí méjèèjì? Ọkùnrin àti obìnrin kò ní ìjà. Ẹ pa wọ́n pọ̀. Ti tọkùnrin-tobìnrin lè ní oṣù tirẹ̀, kí a sì kó ìdíje àwọn ọmọdé mọ́ ọn, kí àwọn ọmọ náà lè rí àwòkọ́ṣe. Ní ti àwọn àgbà, wọ́n lè lo pápá kan náà tí ọkùnrin àti obìnrin lò, ṣùgbọ́n kí tiwọn bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí àṣekágbá bá ti parí, pẹ̀lú ọjọ́ méjì ìsinmi láàárín, nítorí pé orúnkún ẹni ogójì ọdún kì í yára gbàgbé eré àná.