Orí Amọ̀ di Orí POP: Bí A Ṣe Ń Lo Mọ́ọ̀dù Àfọ́danù

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ń wo fídíò yìí. Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe lónìí ni kí á fi amọ̀ mọ orí ènìyàn, kí á sì sọ orí amọ̀ náà di orí POP, ìyẹn ẹ̀tù funfun tí ó máa ń le bí a bá pò ó mọ́ omi, nípasẹ̀ mọ́ọ̀dù (èèpo tí ó gba àwòrán ère, tí a sì ń da POP sínú rẹ̀) tí a óò fọ́ danù nígbẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni irú mọ́ọ̀dù yìí ń bímọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù lọ ni ìpele POP àkọ́kọ́, èyí tí a óò pa láró, nítorí pé òun ni yóò ṣọ́ ojú ère fún wa nígbà tí òòlù bá dé.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí a kò fi ní sun amọ̀ wa níná. Ó ti tó nǹkan bí 800 ọdún tí àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ ti ń mọ orí amọ̀ tí wọ́n sì ń sun ún. Ní ọdún 2022, Prune Nourry, oníṣẹ́ ọnà ará Faransé, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tún gbé ìlànà orí Ifẹ̀ yìí yẹ̀wò, wọ́n sì mọ orí amọ̀ 108 nítorí àwọn ọmọbìnrin Chibok tí wọ́n jí gbé, tí wọn kò tíì padà sílé nígbà náà. Orí tí a bá fẹ́ sun gbọ́dọ̀ ṣófo nínú, kò sì gbọdọ̀ ní igi tàbí irin kankan. Orí tiwa kún fún amọ̀, igi àti wáyà ni ó sì dì í mú. Bí ó bá wọ iná, yóò fọ́ yángá. Bí a bá sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, yóò sán. Ìdí nìyí tí a fi ní láti gba àwòrán rẹ̀ sára POP nígbà tí ó ṣì tutù.

Ẹ mú pákó tí ó fẹ̀ tó 40 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó, kí ẹ kan òpó igi mọ́ àárín rẹ̀. Ẹ tẹ wáyà líle bí ẹyin sórí òpó náà, kí ó kéré ju agbárí lọ dáadáa, kí ẹ sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so igi kéékèèké méjì-méjì tí ó dábùú ara wọn sínú rẹ̀. Àwọn igi wọ̀nyí ni kò ní jẹ́ kí amọ̀ yọ̀ wálẹ̀ mọ́jú.

Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò ni mo ti ń ra amọ̀. Ẹ ṣa òkúta kúrò, kí ẹ sì pò ó títí tí kò fi ní sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ yí díẹ̀ bí ìka ọwọ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sán, ó ti ṣe tán.

Bàbá tí ó jókòó fún wa yìí jẹ́ àgbàlagbà àdúgbò wa, wọ́n sì kọ àbàjà. Ẹ kọ́kọ́ mọ agbárí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọrùn, kí ẹ má tíì wá ojú tàbí imú. Ẹ rántí pé ojú wà ní ìdajì gíga orí. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ ni ó máa ń gbé e sókè jù. Etí sì wà láàárín irun òkè ojú àti ìsàlẹ̀ imú.

Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbí. Ẹ má fi ọ̀bẹ fa ilà lára amọ̀, nítorí ilà Bàbá ti jinná láti ọdún gbọọrọ, etí rẹ̀ kò mú mọ́. Mo dúró kí amọ̀ le díẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí kékeré tẹ ilà kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ìka tútù pa etí rẹ̀ rẹ́. Ẹ wò ó bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rọra wọ inú rẹ̀. Ilà tí a fi ọ̀bẹ fà máa ń dà bí ọgbẹ́.

Ó ti kan POP. Ẹ gé agolo ẹlẹ́rìndòdò sí wẹ́wẹ́, kí ẹ fi wọ́n gún amọ̀ ní ìlà kan láti àtàrí gba ẹ̀yìn etí méjèèjì, kí iwájú àti ẹ̀yìn lè dá dúró. Ẹ bo imú yín nítorí ekuru. Ẹ da omi sínú abọ́ rọ́bà, kí ẹ po búlúù ìfọṣọ díẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì máa fọ́n POP sínú omi títí yóò fi yọrí sókè bí erékùṣù. Ẹ má ṣe da omi sínú POP láéláé, nítorí yóò dì ní kókó-kókó. Ẹ fi ọwọ́ rọra rò ó lábẹ́ omi. Ẹ fi ìka ta á sára ère, kí ẹ fẹ́ ẹ wọ inú ihò imú àti etí, kí ó sì nípọn tó nǹkan bí mílímítà márùn-ún.

Mo fo ìpele aláró yìí lẹ́ẹ̀kan rí, nígbà tí ẹnì kan gbé iṣẹ́ ère ìyá rẹ̀ tí ó ti di olóògbé fún mi. Funfun bá funfun mu, n kò mọ ibi tí mọ́ọ̀dù parí sí, irin sì gé ṣóńṣó imú ìyá náà. Mo lẹ̀ ẹ́ padà, ṣùgbọ́n ọmọ wọn rí i, ó sì dùn mí títí dòní.

Tí aró bá ti dì, ẹ fi amọ̀ tí ẹ pò bí ẹ̀kọ mímu kùn ún, kí ẹ yọ etí rẹ̀ sílẹ̀ kí ìpele méjèèjì lè di ara wọn mú níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi POP funfun kún un títí yóò fi nípọn tó sẹ̀ǹtímítà méjì, pẹ̀lú irin tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn. Yóò gbóná bí ó ti ń dì. Tí ó bá tutù padà, ó ti le. Ẹ da omi sí ojú ibi tí agolo wà, kí ẹ fi igi wẹ́ẹ́rẹ́ là á, ẹ ó sì kó amọ̀ jáde.

Ẹ fọ inú mọ́ọ̀dù. Ẹ po ọṣẹ dúdú mọ́ omi gbígbóná, kí ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta títí yóò fi dán, kí ẹ sì fi àdín díẹ̀ pa á. Eérú inú ọṣẹ wa yìí ni ó mú kí ó dára fún iṣẹ́ yìí. Ó máa ń dí ojú POP, kí POP tuntun má lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ so mọ́ọ̀dù papọ̀ pẹ̀lú okùn, kí ẹ da POP funfun gba ọrùn wọlé, kí ẹ yí i, kí ẹ dà á jáde, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi nípọn. Ẹ fi àpò kòkó tí ẹ rẹ sínú POP tẹ́ inú rẹ̀ kí ó lágbára.

Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan, ẹ mú òòlù àti irin pẹlẹbẹ tí ẹnu rẹ̀ kò mú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí. Ìpele funfun yóò máa já bọ́ ní ègé ńláńlá. Nígbà tí ẹ bá rí aró, ẹ dín agbára ọwọ́ yín kù, kí irin dúró ṣánṣán, kí ẹ máa gbá a díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi imú, ìpéǹpéjú àti etí sí ìkẹyìn. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń dún yàtọ̀ níbi tí ó ti fẹ́ ṣí. Ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí, n kò lo òòlù mọ́. Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń tọ́ aró jáde nínú ilà kọ̀ọ̀kan, títí tí àbàjà Bàbá fi yọ ní funfun.