Bí A Ṣe Ń Fi Password Ti Fódà Kan Lórí Wẹ́bsáìtì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán.

Ẹ jẹ́ ká mú iléèwé kan ní Tanke. Wọ́n kó èsì ìdánwò sínú fódà kan lórí wẹ́bsáìtì wọn. Orúkọ ọmọ wà níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù òbí náà wà níbẹ̀. Wọn ò fún ẹnikẹ́ni ní líǹkì rẹ̀, ọkàn wọn bá balẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká mi lára, torí ọmọ ọlọ́mọ ni. Ẹni tó bá ṣèèṣì mọ àdírẹ́ẹ̀sì fódà yẹn, gbogbo rẹ̀ ló máa rí. Àfi ká fi password tì í.

Tó bá jẹ́ Apache (sọ́fítíwià tó ń gbé wẹ́bsáìtì jáde) lẹ̀ ń lò lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wẹ́bsáìtì yín wà, tó ń lo Ubuntu, ẹ kọ́kọ́ fi apache2-utils, ìyẹn àkójọ irinṣẹ́ tí htpasswd wà nínú rẹ̀, sórí sáfà náà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ohun tẹ́ ẹ ń wò yìí sínú terminal sáfà náà:

sudo htpasswd -B -c /etc/apache2/.htpasswd akowe

akowe yẹn lorúkọ ẹni tó máa wọlé. Ó máa béèrè password lẹ́ẹ̀mejì. Kò ní hàn lójú bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́ lọ. -B yẹn ló ń jẹ́ kó fi bcrypt, ìyẹn ọ̀nà tó lágbára, yí i padà kó tó wọ inú fáìlì, kí ẹni tó bá jí fáìlì náà má lè kà á wẹ́rẹ́. -c yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún gan-an! Fáìlì tuntun ló ń dá sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ẹnì kejì kún un, ẹ yọ -c kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò pa gbogbo orúkọ tó wà níbẹ̀ rẹ́, kò sì ní bi yín léèrè.

Ẹ wá ṣe fáìlì .htaccess sínú fódà èsì náà, kẹ́ ẹ kọ èyí sí i:

AuthType Basic
AuthName "Esi Idanwo"
AuthUserFile /etc/apache2/.htpasswd
Require valid-user

Tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ wo apache2.conf, ìyẹn fáìlì ètò Apache. AllowOverride None, tó ní kí Apache má ka .htaccess, ló sábà máa ń wà níbẹ̀ fún /var/www. Ẹ sọ ọ́ di AllowOverride AuthConfig, kẹ́ ẹ tẹ sudo systemctl reload apache2. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi cPanel, ìyẹn ojú ewé tí a fi ń darí wẹ́bsáìtì, ṣiṣẹ́, Directory Privacy ni kẹ́ ẹ wá.

Ẹ má lo gbogbo èyí láìsí HTTPS, ìyẹn ọ̀nà tó ń bo ọ̀rọ̀ àárín buráúsà àti sáfà. Base64, ọ̀nà ìkọ̀wé tí ẹnikẹ́ni lè tú, ni AuthType Basic yẹn fi ń di password, bí ẹni di owó sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara: ẹni tó bá dá a dúró lójú ọ̀nà máa kà á. Ọ̀fẹ́ ni Let's Encrypt ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí HTTPS, kò sí àwáwí.

Ẹ fi fèrèsé ìkọ̀kọ̀ buráúsà dán an wò. Tẹ́ ẹ bá tẹ Cancel, 401 ló yẹ kẹ́ ẹ rí, ìyẹn ni pé ẹ ò láṣẹ láti wọlé. Kí oníkálùkù ní orúkọ tirẹ̀ o. Lọ́jọ́ tí akọ̀wé bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an:

sudo htpasswd -D /etc/apache2/.htpasswd akowe