Bí wọ́n ṣe ń kó ìkookò lọ sí ọgbà tuntun

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wo fídíò yìí. Ká ní ibi ààbò ẹranko kan kọ́ ọgbà tuntun fáwọn ìkookò tí wọ́n gbà sílẹ̀, ọgbà náà fẹ̀, igi wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, ó wá ku kí wọ́n kó wọn débẹ̀. Ẹ lè máa rò ó pé kí ló le níbẹ̀, ṣebí wọ́n á kàn ṣí géètì ni, káwọn ẹranko náà sáré wọlé tìdùnnú-tìdùnnú. Rárá o. Ibi tí ìkookò ò bá tíì mọ̀, ibi ewu ni lójú ẹ̀, bó ti wù kó fẹ̀ tó.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ irú ìkookò tá à ń wí. Kì í ṣe èyí tí wọ́n lọ mú nínú igbó. Púpọ̀ nínú wọn, èèyàn ló rà wọ́n ní kékeré torí pé ọmọ ìkookò rẹwà, ó wuni gbé mọ́ra, àmọ́ tó bá ti ń lọ sí ọmọ ọdún méjì, tó ń gbẹ́ ilẹ̀ káàkiri, tó ń fi eyín fa ilẹ̀kùn ya, ojú olówó ẹ̀ á là, á wá máa wá ẹni tó máa bá a gbà á. Àwọn míì jẹ́ àdàlù ajá àti ìkookò. Irú àwọn yìí ò ṣeé dá padà sígbó, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń dọdẹ, wọn ò sì sá féèyàn tó bó ṣe yẹ. Inú ọgbà ni wọ́n máa wà títí wọ́n á fi kú, ìyẹn ló fi yẹ kí ọgbà ọ̀hún dáa.

Fẹ́ǹsì kọ́kọ́. Wọ́n sábà máa ń gbé e ga tó nǹkan bíi mítà 2.4, wọ́n á tẹ orí ẹ̀ wọnú kó má bàa ṣeé gùn. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà, torí ìdí fẹ́ǹsì ni ìkookò ti máa ń gbẹ́lẹ̀, nítorí náà wọ́n á tẹ́ wáyà mọ́lẹ̀ ní ìdí ẹ̀ tàbí kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Géètì wọn máa ń jẹ́ méjì tó tẹ̀ léra, èkejì kì í ṣí àyàfi tí àkọ́kọ́ bá ti tì. Ẹnì kan á tún fẹsẹ̀ rìn yí gbogbo ẹ̀ ká, á máa wò bóyá àwọn oníṣẹ́ gbàgbé àlòkù wáyà tàbí ìṣó sílẹ̀.

Ó wá kan kéèjì tí wọ́n máa fi gbé wọn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ni wọ́n ti máa gbé e sínú ọgbà àtijọ́, wọ́n á ṣílẹ̀kùn ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á máa gbé ẹran síbẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà lákọ̀ọ́kọ́, tó bá yá ó di inú pátápátá. Tó bá ti ń wọlé jẹun láìwẹ̀yìn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á tún ṣí i. Ó ń gba sùúrù, àmọ́ témi bá ní kí n sọ, ìkookò tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọ kéèjì sàn ju èyí tí wọ́n yìnbọn abẹ́rẹ́ oògùn oorun fún lọ.

Àwọn kan wà ṣá tí wọn ò ní wọ̀ ọ́ láéláé. Dókítà ẹranko á fún irú wọn lóògùn oorun, wọ́n sábà máa ń pa ketamine pọ̀ mọ́ medetomidine, ìyẹn medetomidine sì ní oògùn tó ń ká a kúrò lára, atipamezole. Wọn ò ní fún un lóúnjẹ ṣáájú kó má bàa bì kí èébì sì gba ọ̀nà èémí. Ojú ẹ̀ kì í pa dé tó bá sùn, torí náà wọ́n á fi òróró ojú sí i, wọ́n á faṣọ bò ó. Ohun tó sì ń kó wọn lọ́kàn sókè jù ni kí ara ẹ̀ má gbóná jù, ara ìkookò máa ń wà ní nǹkan bíi dìgírì 38 sí 39, ẹ̀rù nìkan sì tó láti gbé e kọjá bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe é láàárọ̀ kùtù nígbà tójú ọjọ́ tutù, wọ́n sì ń yẹra fún àsìkò tí wọ́n ń gùn, ìyẹn bíi oṣù kìíní sí oṣù kẹta lápá àríwá ayé, torí wọ́n máa ń tètè bínú nígbà yẹn.

Kéèjì kọ̀ọ̀kan fún ìkookò kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn tó jọ ń gbé pọ̀ gbọ́dọ̀ lọ lọ́jọ́ kan náà, tẹ́ ẹ bá ya wọ́n fún ìgbà pípẹ́ wọ́n lè bára wọn jà tí wọ́n bá tún pàdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ koríko gbígbẹ tí wọ́n ń sùn lé, ẹ kó o lọ bó ṣe rí pẹ̀lú gbogbo òórùn ẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀, ẹni tó bá fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní ló bàṣẹ́ jẹ́.

Tí wọ́n bá débẹ̀, wọ́n á kọjú kéèjì síbi tígi wà, wọ́n á ṣí i, gbogbo èèyàn á kúrò níbẹ̀, títí kan ẹ̀yin àti fóònù yín. Lọ́dún 1995, wọ́n kó ìkookò 14 láti Kánádà lọ sí Yellowstone, igbó ńlá kan tí ìjọba ń dáàbò bò ní Amẹ́ríkà, ìkookò inú igbó làwọn yẹn o, wọ́n fi wọ́n sọ́gbà wáyà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 10 kí wọ́n lè mọ ilẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n wá ṣí géètì ọ̀kan nínú àwọn ọgbà náà lóṣù kẹta, àwọn ìkookò ò jáde! Géètì yẹn lèèyàn máa ń gbà wọlé, wọn ò fẹ́ sún mọ́ ọn rárá, àfìgbà tí wọ́n gé ihò sára wáyà níbòmíì.

Nítorí náà, tí ìkookò bá jókòó sínú kéèjì tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ti ṣí fún wákàtí mélòó kan, ẹ má fi igi tì í jáde. Àwọn kan lè má jẹun fọ́jọ́ bíi mélòó kan, kó jẹ́ òru nìkan ni wọ́n ń rìn, ìyẹn ò burú. Èyí tó ń rìn lọ rìn bọ̀ lójú kan náà létí fẹ́ǹsì látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tàbí tó ń gbẹ́lẹ̀ níbì kan ṣoṣo, ni kẹ́ ẹ tètè pe dókítà sí. Ẹ jọ̀ọ́ náà, ẹ má tíì gba àlejò wọlé, kẹ́ ẹ má sì wó ọgbà àtijọ́ títí wọ́n á fi máa jẹun lójú ọ̀sán.