Nígbà Tí Ẹ̀mí Mímọ́ Bá Sọ Pé Rárá

Bíbélì kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16:6–15, Sáàmù 32:8–9

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó tún jẹ́ kí a rí òwúrọ̀ yìí. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ń ka ọ̀rọ̀ yìí ní ìpinnu kan níwájú tí kò tíì mọ ibi tí yóò yà sí, bóyá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni, tàbí ti iṣẹ́, tàbí ti ìlú tí ó fẹ́ kó lọ, tàbí ti iṣẹ́ ìsìn tí wọ́n ní kí ó wá tẹ́wọ́ gbà nínú ìjọ. Ó ti gbàdúrà, ó ti gbààwẹ̀, síbẹ̀ kò tíì gbọ́ ohun kan tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé Ọlọ́run ni ó sọ ọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, n kò sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n tán.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé Pọ́ọ̀lù, Sílà àti Tímótíù lójú ọ̀nà wọn. Wọ́n ti la ẹkùn Frígíà àti Gàlátíà kọjá, ohun tí ó sì wà lọ́kàn wọn ni láti wọ Éṣíà. Éṣíà tí Lúùkù, ẹni tí ó kọ ìwé Ìṣe, ń sọ níhìn-ín kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ńlá tí à ń pè bẹ́ẹ̀ lónìí. Ẹkùn kan ni lábẹ́ ìjọba Róòmù, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, inú rẹ̀ sì ni Éfésù wà. Èrò pọ̀ níbẹ̀, àwọn Júù ní sínágọ́gù níbẹ̀, oníwàásù wo ni kò sì ní fẹ́ dé irú ibẹ̀? Ṣùgbọ́n Ẹ̀mí Mímọ́ kọ̀ fún wọn. Wọ́n yí ojú sí àríwá, wọ́n gbìyànjú àtilọ sí Bìtíníà, Ẹ̀mí Jésù kò tún gbà fún wọn. Báyìí ni wọ́n ṣe fi ẹsẹ̀ rìn ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kìlómítà láìrí ibi tí wọn yóò dúró sí wàásù, títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ sí Tíróásì létí òkun. Ẹ̀yìn wọn ni ilẹ̀kùn méjì tí ó ti tì, iwájú wọn sì ni omi.

Ẹ má jẹ́ kí a yára kọjá níbẹ̀, nítorí a mọ ibi tí ìtàn náà ń lọ, àwọn kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kò sá kúrò níbi iṣẹ́ Ọlọ́run bí i Jónà. Ìjọ Áńtíókù ni ó fi Pọ́ọ̀lù àti Sílà lé oore-ọ̀fẹ́ Olúwa lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń lọ. Ìwàásù ìhìnrere tí wọ́n fẹ́ ṣe, Jésù fúnra rẹ̀ ni ó pa á láṣẹ. Síbẹ̀, Ọlọ́run tí ó rán wọn níṣẹ́ ni ó tún dí wọn lọ́nà. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà nìyẹn: a rò pé bí ohun kan bá ti dára, tí ó sì bá Ìwé Mímọ́ mu, a ti rí àṣẹ gbà láti dáwọ́ lé e lónìí, ní ọ̀nà tí a fẹ́, ní ibi tí a yàn. Nǹkan lè dára kó má jẹ́ tìrẹ. Ó sì lè jẹ́ tìrẹ kí àkókò rẹ̀ má tíì tó.

Ohun tí ó máa ń yà mí lẹ́nu nínú ẹsẹ wọ̀nyí ni pé Lúùkù kò sọ fún wa bí Ẹ̀mí ṣe sọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé Sílà, ẹni tí Bíbélì pè ní wòlíì, ni ó gba ọ̀rọ̀ kan. Ó lè jẹ́ àìsàn ni ó dá wọn dúró, ó sì lè jẹ́ ìnira kan nínú ọkàn tí gbogbo wọn mọ̀ lára láìlè ṣàlàyé rẹ̀. Lúùkù dákẹ́ lórí rẹ̀, mo sì gbà pé ó dákẹ́ fún àǹfààní wa, nítorí bí ó bá sọ ọ̀nà rẹ̀ ni, a ò bá ti sọ ọ̀nà náà di òfin, kí á sì máa fi í díwọ̀n gbogbo onígbàgbọ́. Kò sì sí ibi tí a ti sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbọ́ “rárá,” wọ́n sì gbà á láìgbọ́ “nítorí pé.”

Ní òru, Pọ́ọ̀lù rí ọkùnrin ará Makedóníà kan tí ó dúró tí ó ń bẹ̀ ẹ́ pé, “Rékọjá wá sí Makedóníà, kí o sì ràn wá lọ́wọ́.” Ẹ wo ohun tí ó tẹ̀ lé e dáadáa. Pọ́ọ̀lù nìkan ni ó rí ìran náà, ṣùgbọ́n Lúùkù kọ̀wé pé lójú ẹsẹ̀ kan náà ni “àwa” múra láti lọ, tí “a” sì gbà pé Olúwa ti pè wá. Níbẹ̀ gan-an ni “àwa” ti kọ́kọ́ wọ inú ìtàn ìrìn àjò yìí, èyí tí ó jọ pé Tíróásì ni Lúùkù ti darapọ̀ mọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí a túmọ̀ sí “gbà pé” níbẹ̀ jẹ mọ́ kí a kó nǹkan jọ kí a sì so ó pọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Pọ́ọ̀lù lò nínú Éfésù 4:16 fún ara tí oríkèé so pọ̀ ṣọ̀kan. Ìyẹn ni pé wọ́n jókòó, wọ́n kó Éṣíà tí a kọ̀ fún wọn, Bìtíníà tí a kò gbà fún wọn, òkun tí ó wà níwájú wọn àti ìran tí Pọ́ọ̀lù rí, wọ́n so ó pọ̀, wọ́n sì rí ibi tí gbogbo rẹ̀ kọjú sí. Àpọ́sítélì tí ó tó Pọ́ọ̀lù kò fi ìran rẹ̀ dí ẹnu àwọn yòókù. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé Olúwa bá òun sọ̀rọ̀, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, rọra máa bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ wọn ṣí, ó gbéra tààrà lọ sí Sámótírákè, ní ọjọ́ kejì ó sì dé Neapólì. Ọjọ́ méjì péré! Nígbà tí wọ́n ń rìn ọ̀nà omi yìí kan náà bọ̀ ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọjọ́ márùn-ún ni ó gbà wọ́n, bí Ìṣe 20:6 ṣe wí. Bí ó bá jẹ́ àwa ni, a ó ti máa jẹ́rìí nínú ìjọ pé atẹ́gùn tí ó fẹ́ gbè wá ni ó fi hàn pé Ọlọ́run wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Lúùkù kò sọ bẹ́ẹ̀, ó sì dára bí kò ṣe sọ ọ́, nítorí kò pẹ́ tí wọ́n dé Fílípì ní Makedóníà tí a fi ya aṣọ mọ́ Pọ́ọ̀lù àti Sílà lára, tí a fi ọ̀gọ nà wọ́n, tí a sì kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nínú túbú. Bí ìrọ̀rùn bá jẹ́ ẹ̀rí pé a wà nínú ìfẹ́ Ọlọ́run, a jẹ́ pé wọ́n wà nínú rẹ̀ lórí omi, wọ́n sì jáde kúrò nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ tán. Ta ni yóò gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀? Nínú túbú yẹn náà ni wọ́n ti ń kọrin ìyìn ní ọ̀gànjọ́ òru.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣí ọkàn rẹ̀ sí ìhìnrere ní Fílípì ńkọ́? Obìnrin kan tí ń ta aṣọ elésè àlùkò ni, Lídíà ni orúkọ rẹ̀, ará Tíátírà ni. Inú ẹkùn Éṣíà ni Tíátírà wà! Ẹkùn tí a kọ̀ fún wọn láti wọ̀ ni ọmọ rẹ̀ ti wá pàdé wọn létí odò. Nígbà tí àkókò sì tó, Pọ́ọ̀lù lo ọdún méjì ní Éfésù, tí gbogbo àwọn tí ń gbé Éṣíà fi gbọ́ ọ̀rọ̀ Jésù Olúwa. Ọlọ́run kò kórìíra Éṣíà nígbà tí ó sọ pé rárá.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń di ẹni tí ó lè gbọ́ irú “rárá” bẹ́ẹ̀? Sáàmù 32 sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ kí ó ṣòro fún wa, àwa tí a máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Olúwa ní, “Èmi ó máa fi ojú mi tọ́ ọ.” Ẹ rántí ọmọ kékeré tí àlejò na nǹkan sí: kí ó tó na ọwọ́ tirẹ̀, ó ti yí ojú wo ìyá rẹ̀. Ìyá kò sọ̀rọ̀, kò mi orí, ipénpéjú lásán ni ó ṣẹ́, ọmọ ti mọ̀ bóyá kí òun gbà á tàbí kí òun dúpẹ́ kí òun sì káwọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá kọ ẹ̀yìn sí ìyá rẹ̀, tàbí tí ojú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ohun tí àlejò mú dání, kò lè rí ojú tí à ń ṣẹ́ sí i. Ẹsẹ tí ó tẹ̀ lé e ní kí a má dà bí ẹṣin tàbí ìbaaka, tí ó jẹ́ pé ìjánu ni a óò fi fa ẹnu wọn kí wọ́n tó yà. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n fà, ẹ má ṣiyèméjì. Ṣùgbọ́n ojú ni ó fẹ́ fi bá wa sọ̀rọ̀.

Mo ti jẹ́ ìbaaka rí. Wọ́n fi iṣẹ́ kan lọ̀ mí, owó rẹ̀ ju ti ibi tí mo wà lọ dáadáa. Mo ki lẹ́tà náà bọ inú Bíbélì mi láàárín ìwé Sáàmù, mo ní mo ń fi ọjọ́ mẹ́ta wá ojú Olúwa. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé mo ti kọ èsì pé mo gbà kí n tó kúnlẹ̀ rárá, ó wà nínú àpò mi, ọjọ́ nìkan ni n kò tíì kọ sí i. Bí mo bá gbàdúrà díẹ̀, n óò ṣí Bíbélì, n óò tún yọjú wo iye owó náà. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi kan bi mí pé, “Bí Ọlọ́run bá ní rárá ńkọ́?” N kò rí èsì fọ̀. Nígbà tí mo padà ka lẹ́tà náà láti òkè délẹ̀, mo rí ìlà kan tí mo ti ń fojú fò láti ìbẹ̀rẹ̀: iṣẹ́ náà yóò máa gba gbogbo ọjọ́ Àìkú lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi wa, tí mo sì ti ṣèlérí fún Olúwa lórí wọn. Mo kọ̀ ọ́. N kò lè parọ́ pé iṣẹ́ tí ó sàn jù ú lọ dé ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Kò dé.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ máa dá wa lójú ju bí ó ti yẹ lọ. Ọba Sọ́ọ̀lù, tí ó ń lépa Dáfídì láti pa á, rìn fúnra rẹ̀ wọ inú ihò tí Dáfídì sá pamọ́ sí ní aginjù Ẹ́ń-Gédì, àwọn ọmọlẹ́yìn Dáfídì sì ní ọjọ́ tí Olúwa ṣèlérí ti dé. Gbogbo nǹkan bára mu. Dáfídì sì kọ̀ láti pa Sọ́ọ̀lù, nítorí pé ó mọ ohun tí Ọlọ́run ti sọ nípa ẹni àmì òróró rẹ̀, kò sì sí àyè tí ó lè ṣí tí yóò pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ohun tí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bá ti sọ ojú abẹ níkòó nípa rẹ̀ kò tún nílò ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ máa gbàdúrà bóyá kí òun fẹ́ ọkọ ọlọ́kọ, tàbí bóyá kí òun fi èké gba ìwé àṣẹ. Ibi tí Ìwé Mímọ́ bá ti fi wá sílẹ̀ láti fi ọgbọ́n yàn ni kí a ti bèèrè ọgbọ́n, gẹ́gẹ́ bí Jákọ́bù 1:5 ti wí, kí a sì bèèrè pẹ̀lú ọwọ́ tí kò di ohunkóhun mú.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà.

Baba wa ọ̀run, a dúpẹ́ fún gbogbo “rárá” tí o ti sọ fún wa, èyí tí ìdí rẹ̀ ti yé wa àti èyí tí ó ṣì ń dùn wá títí di òwúrọ̀ yìí. Dárí jì wá fún ọjọ́ tí a ti pinnu tán kí a tó kúnlẹ̀, tí a sì pe ìfẹ́ inú wa ní orúkọ rẹ.

Olúwa, yí ojú wa kúrò lára ohun tí ó wà lọ́wọ́ àlejò, kí a lè rí ojú rẹ. Sọ ọ̀rọ̀ rẹ di fìtílà fún ẹsẹ̀ wa, má sì jẹ́ kí a di ẹni tí a ń fi ìjánu fà.

Gba ẹni tí ó wà ní Tíróásì tirẹ̀ lónìí mọ́ra, Olúwa, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tì tí iwájú rẹ̀ sì jẹ́ omi. Má jẹ́ kí ìkánjú lé e padà sí Bìtíníà tí o ti kọ̀ fún un. Fún un ní àwọn ará tí yóò bá a kó ọ̀rọ̀ náà jọ, tí wọn yóò sì bá a so ó pọ̀, àwọn tí kì í fi ìpọ́nni tan ni jẹ. Nígbà tí o bá sì wí pé kí ó rékọjá, jẹ́ kí ó dìde lójú ẹsẹ̀.

Rántí ẹni tí ó gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu tí ó sì bá ara rẹ̀ nínú túbú. Má jẹ́ kí ọ̀tá sọ fún un pé ó ṣìnà. Fi orin sí i lẹ́nu ní ọ̀gànjọ́ òru, kí o sì fi Lídíà tí ó wà létí odò hàn án.

Gẹ́gẹ́ bí Ọmọ rẹ ti wí nínú ọgbà, bẹ́ẹ̀ ni àwa náà wí lórí ìpinnu tí ó wà níwájú wa lónìí: kì í ṣe ìfẹ́ tiwa, bí kò ṣe tìrẹ ni kí a ṣe. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa ni a gbàdúrà. Àmín.