Tempelhof: Ẹ Jẹ́ Ká Rìn Yí Ilé Bàálù Tí Wọn Ò Kọ́ Parí Ká

Ẹ kọ́kọ́ wo òrùlé yìí, kí n tó sọ ibi tí a wà fún yín. Ó yọ síta lára ilé tó bíi mítà 40, kò sì sí òpó kankan níwájú tó gbé e dúró. Bàálù á yí wá láti orí pápá, á wọ abẹ́ rẹ̀, èrò á sọ̀kalẹ̀. Òjò ì báà máa rọ̀ bí ẹni pé ojú ọ̀run ya, ẹ̀kán kan ò ní kàn wọ́n lórí.

Ibí yìí ni Tempelhof, nílùú Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Láti ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 2008 ni wọ́n ti ti pápákọ̀ òfúrufú náà pa, ṣùgbọ́n ilé ṣì dúró digbí, àwọn amọ̀nà sì máa ń kó àlejò rìn yí inú rẹ̀ ká fún bíi wákàtí méjì. Lónìí, èmi ni mo máa ṣe amọ̀nà yín. Ẹ wá bàtà tó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn o. Ilé kan ṣoṣo ni, àmọ́ ó gùn tó kìlómítà 1.2, ó sì tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun ọdẹ.

Ká tó wọlé, ẹ jẹ́ ká mọ ilẹ̀ tí a dúró lé. Àwọn jagunjagun onígbàgbọ́ tí wọ́n ń pè ní Templar ló ni abúlé ibẹ̀ láyé àtijọ́, ara wọn ni orúkọ náà ti wá. Nígbà tó yá, ó di pápá tí àwọn ọmọ ogun Prussia, ìjọba kan nílẹ̀ Jámánì àtijọ́, ti ń yan. Ní 1909, Orville Wright, ọ̀kan nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fò, wá fi bàálù rẹ̀ dárà níbẹ̀, èrò sì wá wòran. Ní 1923, ó di pápákọ̀ òfúrufú gidi. Nígbà tó fi máa di 1927, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ti ń gbé èrò dé ẹ̀bá rẹ̀. Àmọ́ ilé tí à ń wò yìí kọ́ ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Èyí tó wà nígbà yẹn ò tó nǹkan. Nígbà tí Hitler gorí àlééfà, ohun tí ò tó nǹkan ò wu ìjọba rẹ̀ rárá.

Ẹ bá mi bọ́ sí iwájú ilé. Ernst Sagebiel ló ya àwòrán rẹ̀, 1936 ni iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo bí fèrèsé ṣe tò gbọọrọ, gbogbo wọn dọ́gba, kò sí èyí tó yàtọ̀ sí èkejì. Ẹ wo òkúta tó bo ògiri láti ìsàlẹ̀ dókè. Ẹni tó bá dúró síbí, àfi bíi pé ilé náà ń bi í pé, "Ta ni ìwọ?" Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òkúta yẹn, ẹ̀wù lásán ni. Ẹ bá ṣí i, irin àti kọnkéré lẹ máa bá lábẹ́ rẹ̀, bíi ti ilé ìgbàlódé èyíkéyìí. Ọ̀dọ̀ Erich Mendelsohn ni Sagebiel ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹni tí àwọn ilé ìgbàlódé rẹ̀ gbajúmọ̀ káàkiri Jámánì. Júù ni Mendelsohn. Ní 1933 ó sá kúrò nílùú. Ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ dúró, ó ń kọ́lé fún àwọn tó lé ọ̀gá rẹ̀ lọ. Mo máa ń rántí ìyẹn nígbàkígbà tí mo bá ń wo ògiri yìí.

Orí ràbàtà tí ẹ rí nílẹ̀ yìí, orí ẹyẹ idì ni. Odidi idì náà ga tó mítà 4.5, orí òrùlé ló wà tẹ́lẹ̀, tó ń wo gbogbo ìlú. Nígbà tí àwọn Amẹ́ríkà gba ibẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọn ò wó o. Wọ́n kàn fi ọ̀dà funfun kun orí rẹ̀, ó bá di idì Amẹ́ríkà, tí orí tiwọn funfun. N ò tíì rí ẹni tó fi owó tó kéré báyẹn gba ìwé ọmọ onílùú. Ní 1962 wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí wọ́n lè ráyè gbé rédà síbẹ̀. Orí rẹ̀ rìnrìn àjò dé Amẹ́ríkà, ó sì padà wálé ní 1985.

Ó yá, ẹ wọlé. Gbọ̀ngàn àbáwọlé yìí ò ga tó bó ṣe yẹ, àbí? Ojú yín ò tàn yín. Àjà tí ẹ rí lókè yẹn, àwọn tó dé lẹ́yìn ló fi síbẹ̀. Amọ̀nà á mú yín gun àtẹ̀gùn, ẹ óò yọ sí òkè àjà náà, ibẹ̀ lẹ ó ti bá ìdajì gbọ̀ngàn tó kù: ògiri gíga, àyè ńlá, kò sí ẹnì kankan. Wọ́n fẹ́ kó jẹ́ gbọ̀ngàn ọlá tí àlejò á wọ̀, tí ẹnu rẹ̀ á sì wọhò. Ó wá di òkè àjà lásán.

Gbọ̀ngàn èrò gangan ò ní gbà wá lákòókò púpọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù ṣì wà, béèlì tó ń gbé àpótí lọ náà ṣì wà, àmọ́ kò yí mọ́. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ níbẹ̀ ni ọgbọ́n tí ojú ò rí. Èrò ní ìpele tirẹ̀, ẹrù ní tirẹ̀, lẹ́tà àti ẹrù ọlọ́jà náà ní tiwọn, kò sẹ́ni tó ń fara gbún ẹnìkejì. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin pàápàá gba abẹ́ ilé náà kọjá. Ayàwòrán-ilé ọmọ Bìrìtéènì nì, Norman Foster, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ pápákọ̀ òfúrufú káàkiri ayé, pe Tempelhof ní ìyá gbogbo pápákọ̀ òfúrufú.

Lókè, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó gbé níbẹ̀ ní pápá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tiwọn nínú ilé, pákó ilẹ̀ rẹ̀ ṣì wà. Ẹ yọjú wò ó, ká máa lọ.

A ti padà sábẹ́ òrùlé ìbẹ̀rẹ̀. Báwo ni kò ṣe já lulẹ̀? Ẹ na apá yín síta, kí ẹ gbé garawa omi kọ́ ọwọ́. Ibo ló ń ro yín? Èjìká àti ẹ̀yìn ni. Bí òrùlé yìí náà ṣe ń ṣe nìyẹn: àwọn igi irin tó yọ síta yìí, ìdí wọn wọ inú ilé tó wúwo lẹ́yìn, ilé sì ń fà wọ́n mọ́lẹ̀ kí iwájú má bàa tẹ̀. Tí ẹ bá ní kí n mú apá kan nínú gbogbo ilé yìí, èyí ni mo máa mú. Iwájú ń dẹ́rù bani. Ibí yìí ń ṣíji boni.

Àmọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ fi òkè rẹ̀ ṣe yàtọ̀. Ẹ rí àwọn ilé àtẹ̀gùn tó gùn sókè lẹ́yìn, tó tò láti ìkángun kan dé èkejì? Èrò ìwòran ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Wọ́n ṣírò pé èèyàn bíi 80,000 á jókòó sórí òrùlé, wọ́n á máa wo bàálù ogun ìjọba Násì, ìyẹn ìjọba Hitler, bó ṣe ń dárà lójú ọ̀run. Kò ṣẹlẹ̀ rí. Ogun dé ní 1939, iṣẹ́ sì dúró láìparí. Títí di òní olónìí, ẹ óò rí ògiri tí kò sí òkúta lára rẹ̀, àti àtẹ̀gùn tí kò sẹ́ni tó gùn ún lọ síbi ìran kankan.

Ẹ mú iná ìléwọ́, a ń lọ sábẹ́ ilẹ̀.

Àwọn yàrá tóóró yìí ni wọ́n ń sá pamọ́ sí tí bọ́ǹbù bá ń rọ̀. Lára ògiri wọn, ẹ óò rí àwòrán apanilẹ́rìn-ín tó tinú iṣẹ́ Wilhelm Busch, ayàwòrán àti akéwì ọmọ Jámánì, wá, tòun tewì, bóyá kí àyà àwọn tó sá pamọ́ lè balẹ̀ díẹ̀. Tí a bá tún rìn síwájú, a ó dé yàrá kan tí ògiri rẹ̀ dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó fíìmù pamọ́ sí. Iná jó o ní 1945, wọn ò sì fọ ògiri rẹ̀ títí dòní.

Níbí mi ò ní dápàárá. Lásìkò ogun, gáréèjì bàálù tó wà lókè wa di ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to bàálù ogun, lára wọn ni Stuka tó ń ju bọ́ǹbù. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, tipátipá ni wọ́n kó wọn wá láti àwọn ilẹ̀ tí Jámánì ṣẹ́gun. Àti pé ní ìhà àríwá pápá yìí, títí di 1936, ọgbà ìfìyàjẹni kan wà tí wọ́n ń pè ní Columbia. Wọ́n wó o nígbà tí ilé ńlá yìí ń gòkè. Amọ̀nà tó bá fo ibí yìí kò tíì mú yín rìn.

Ẹ jẹ́ ká gòkè padà síta, síbi tí bàálù onírin fàdákà kan dúró sí. C-54 Skymaster ni. Òun àti irú rẹ̀ ló sọ Tempelhof di ohun tí gbogbo ayé mọ̀.

Lẹ́yìn ogun, orílẹ̀-èdè mẹ́rin pín Berlin láàárín ara wọn: Sófíẹ̀tì, ìyẹn ìjọba tí Rọ́ṣíà ń darí nígbà náà, mú ìlà-oòrùn, Amẹ́ríkà, Bìrìtéènì àti Faransé mú ìwọ̀-oòrùn. Àmọ́ àárín ilẹ̀ tí Sófíẹ̀tì ń ṣàkóso ni gbogbo ìlú náà wà. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1948, Sófíẹ̀tì dí títì, ojú irin àti ojú omi pa. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì há sínú ìwọ̀-oòrùn Berlin. Òfúrufú nìkan ló kù, ọ̀nà mẹ́ta péré sì ni wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀.

Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ní àwọn á fi bàálù bọ́ àwọn tó há síbẹ̀. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan o. Èédú ló pọ̀ jù nínú ẹrù náà, nítorí òtútù àti iná mànàmáná. Ẹ fojú inú wò ó: bàálù tí wọ́n ń fi àpò èédú kún, tí eruku rẹ̀ ń wọ gbogbo ihò ara ẹ̀rọ. Ọ̀gágun William Tunner ló fi ètò sí i. Bàálù ń tẹ̀lé ara wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta. Awakọ̀ tí kò bá lè balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ yí po láti tún un gbìyànjú; tòun tẹrù ni kó padà síbi tó ti wá. Awakọ̀ ò gbọdọ̀ jìnnà sí bàálù rẹ̀ lọ jẹun; ọkọ̀ tó ń gbé oúnjẹ ló ń wá bá a nídìí rẹ̀. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ń balẹ̀ sí náà ń fọ́ lójoojúmọ́, nítorí náà àwọn òṣìṣẹ́ dúró sétí rẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Bàálù kan bá kọjá, wọ́n á sáré bọ́ sójú rẹ̀ dí ihò, wọ́n á sì sá kúrò kí èkejì tó dé.

Ní ọjọ́ kan ṣoṣo lásìkò Àjíǹde ọdún 1949, ẹrù tó wọ Berlin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 13,000 tọ́ọ̀nù. Sófíẹ̀tì ṣí ọ̀nà ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún náà. Títí tí ètò náà fi parí ní oṣù kẹsàn-án, bàálù ti fò ju ìgbà 277,000 lọ, wọ́n sì ti kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.3 tọ́ọ̀nù. Tempelhof nìkan kọ́ ló gbà wọ́n o, Gatow àti Tegel, àwọn pápákọ̀ òfúrufú mìíràn nílùú náà, gbà wọ́n bákan náà.

Lára wáyà tó yí pápá yìí ká ni awakọ̀ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Gail Halvorsen ti pàdé àwọn ọmọdé bíi ọgbọ̀n. Ṣìngọ́ọ̀mù méjì péré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n pín in wẹ́wẹ́, àwọn tí kò kàn gba bébà tí wọ́n fi wé e, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀. Ó ní tí òun bá ń bọ̀ lọ́la, òun á mi apá bàálù òun kí wọ́n lè dá a mọ̀. Ó so ṣokoléètì mọ́ áńkáṣíìfù bíi páráṣúùtù, ó jù ú sí wọn. Ó di àṣà, àwọn awakọ̀ mìíràn bá a dá sí i. Àwọn ará Berlin sọ bàálù wọ̀nyẹn ní Rosinenbomber, ajùbọ́ǹbù tó ń ju èso àjàrà gbígbẹ. Ọdún mẹ́ta péré ṣáájú, bọ́ǹbù gidi ni bàálù Amẹ́ríkà ń jù sí ìlú yìí. Halvorsen kú ní 2022, ó pé ẹni ọdún 101.

Ìtàn ibẹ̀ tún lẹ́rìn-ín. Ní 1978, ọkùnrin kan fi ìbọn ìṣeré ọmọdé já bàálù ilé iṣẹ́ LOT ti Pólándì gbà. Ìlà-oòrùn Berlin ló ń lọ, Tempelhof ló balẹ̀ sí. Àwọn èèyàn wá tú orúkọ LOT sí "Landet Oft in Tempelhof", ìyẹn ni pé, ó máa ń balẹ̀ sí Tempelhof lóòrèkóòrè.

Ní ìkẹyìn, bàálù ńláńlá dé, ilé gbígbé sì ti há pápá yìí mọ́ àárín ìlú, kò sí àyè tí wọ́n á fi fẹ̀ ẹ́ sí i. Lẹ́yìn tí wọ́n tì í pa, pápá náà di ibi ìgbafẹ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, ó lé ní hẹ́kítà 300. Ní 2014, ìjọba ìlú fẹ́ kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn ará Berlin dìbò pé wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ní 2015, àwọn tó sá fún ogun láti Síríà àtàwọn ilẹ̀ mìíràn sùn nínú gáréèjì bàálù tí a kọjá lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tí mo ń fi yín sílẹ̀ sí rèé, lójú ọ̀nà tí bàálù ń gbà gbéra. Kẹ̀kẹ́ ń kọjá, ọmọdé ń fò káìtì, àwọn kan ń yan ẹran lọ́hùn-ún. Ẹ lè rìn ín dé òpin tí ẹsẹ̀ bá gbà yín. Kí ẹ ṣáà máa wo oòrùn o, nítorí tó bá ti wọ̀, wọ́n máa ń ti gbogbo géètì.